Àwo Ẹlẹ́rìí

Olúwa tí mo ń sìn mọ̀ pé n kò bù mọ́ ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì yọ kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kí ó wá wo inú fíríìjì wa ní Bàrígà.

Ibi àyẹ̀wò ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, ipin ojú, gbogbo rẹ̀ là ń yẹ̀ wò.

Ìyá Toyibat wá láti Ṣómólú. Ilé ìtẹ̀wé ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló máa ń wo àwọ̀ kí wọ́n tó tẹ bébà púpọ̀. Ojú rẹ̀ ọ̀tún pọ́n bí ata. Ohun funfun kan ti ń bo ẹyinjú. Ó ti pè é ní Àpólò, ó ti ra oògùn kán sí i ní Fádèyí. Kò san. Dókítà tó rán an sí wa ní kòkòrò ló ń jẹ ojú náà. Ó ní kí a sọ irú kòkòrò tí í ṣe àti oògùn tó lè pa á, kí ojú tó fọ́.

"Anti, ẹ bá mi wá ọmọ àlè náà rí o. Bí ojú yìí bá lọ, ọ̀gá mi á ní kí n lọ máa gbálẹ̀."

"Olúwa ò ní jẹ́, Ìyá Toyibat."

"Àmín. Ṣùgbọ́n ẹ má fi àdúrà nìkan ṣe é o!"

Mo fi òwú gba ipin ojú náà. Mo fi díẹ̀ pa ara gíláàsì, mo rẹ ẹ́ láró, mo fi máíkírósíkóòpù wò ó. Kò sí nǹkan kan. Mo fi ìyókù pa orí àwo pẹlẹbẹ tí oúnjẹ kòkòrò wà nínú rẹ̀. Mo gbé àwo mìíràn tí irú oúnjẹ kan náà wà nínú rẹ̀ tì í, n kò fi ohunkóhun kàn án. Ẹlẹ́rìí là ń pe èyí níbi iṣẹ́ wa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó wà lófìfo, kí ó jẹ́rìí pé oúnjẹ náà mọ́. Mo kó méjèèjì sínú àpótí tó ń móoru.

Nígbà tí mo ṣí i, àwo Ìyá Toyibat mọ́ tónítóní. Orí ẹlẹ́rìí ni nǹkan ti hù.

Ó hù róbótó. Pupa yí i ká. Funfun wà láàárín.

"O pààrọ̀ wọn ni," ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Àyúbà, wí.

"Mi ò pààrọ̀ wọn, sà."

"Àbí o sín sí i?"

Mo sọ ẹlẹ́rìí náà sínú ìkòkò irin tí a fi ń se ohun tí a bá lò tán, mo sè é, mo dà á nù. Lọ́jọ́ kejì Ìyá Toyibat padà wá. Ojú ti wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Àfi bíi pé wọ́n da omi gbígbóná sí i," ó ní.

Mo tún un ṣe. Òwú tuntun, oúnjẹ tuntun. Mo gbàdúrà lé e lórí. Ọ̀kan náà ni. Mo tún se ẹlẹ́rìí. Ojú náà tún burú sí i. Mo ṣe ẹ̀ẹ̀kẹta. Ọ̀kan náà ni.

Ó sú mi. Bíbélì wí pé ní ẹnu ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta ni a ó fi ìdí gbogbo ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Mẹ́ta rèé. Kí ni kí n wá sọ fún dókítà? Bí mo bá ní kòkòrò wà, ẹ̀rí èké ni, nítorí ojú obìnrin yìí kò kan àwo náà. Bí mo bá ní kò sí, ojú á fọ́.

"Sọ pé kò sí nǹkan," Ọ̀gbẹ́ni Àyúbà ní. "Oògùn tó ń kán ló ti pa kòkòrò náà."

"Ojú ọ̀hún ń bàjẹ́, sà!"

"Ṣé èmi ni mo bà á jẹ́?"

Ó jáde lọ. Ìyá Toyibat jókòó lẹ́yìn pákó tó pín yàrá, ó ń retí mi. Mo mú àwọn bébà róbótó kéékèèké tí oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wà lára wọn, tí a fi ń mọ èyí tó lè pa kòkòrò. A máa ń tún kòkòrò gbìn sórí àwo tuntun ná, kí a tó lo bébà wọ̀nyí. N kò dúró gbìn ín. Inú ló ń bí mi.

Bí mo ṣe gbé bébà àkọ́kọ́ sórí ẹlẹ́rìí, iná lọ. Fáànù dákẹ́.

"Yéè! Ta ló ta ata sí mi lójú?"

Ẹ̀yìn pákó ni igbe náà ti wá. Mo yọ bébà náà. Igbe dáwọ́ dúró.

Mo gbé òmíràn lé e.

"Hẹ̀n-ẹ́n," ó ní jẹ́jẹ́. "Ó tutù. Anti, kí lẹ kán sí i?"

"Mi ò kán nǹkan kan, mà."

"Ẹ ṣáà máa ṣe é lọ."

Mo pe dókítà, mo dárúkọ oògùn kejì. Kò bi mí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ìyá Toyibat lò ó, ojú là. Ó ti padà sídìí àwọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò lè se àwo yẹn. Mo fi í pamọ́ sẹ́yìn nínú fíríìjì. Pásítọ̀ mi ní kí n sun ún níná.

Níjọ́ kan Ìyá Toyibat pè mí. "Ojú mi ti dáa o, àmọ́ òtútù máa ń mú un ṣáá. Bí mo bá di í, mo ń rí iná kékeré kan, á tàn, á kú."

Ọ̀gbẹ́ni Àyúbà ti ní òun máa fọ fíríìjì lọ́la. Gbogbo ohun tó bá wà níbẹ̀ á wọ ìkòkò.

Nítorí náà mo lọ ṣí i lónìí. Gílóòbù inú rẹ̀ tàn. N kò tíì fọwọ́ kan àwo náà tí fóònù mi fi dún.

"Anti," ohùn Ìyá Toyibat ní, jẹ́jẹ́. "Ṣé ẹ̀yin lẹ ń wò mí yẹn?"