Ìlà Kejìlá Ò Mọwọ́ Mẹsẹ̀

"Àṣìṣe wà ní ìlà kejìlá."

Bí kọ̀ǹpútà ṣe tún kọ ọ́ nìyẹn. Mojíbọ́lá ti pa ìlà náà rẹ́, ó ti tún un tẹ̀, pàbó ló ń já sí. Girama ló ń lọ ní Inísà, ṣùgbọ́n ní ìsinmi ọdún 1999 yìí, Ìkìrun ló ń wá kọ́ Páítọ̀n, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn òbí ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ ọmọ wọn. Bàbá rẹ̀ sì ti là á mọ́lẹ̀: bí òun kò bá rí ohun gidi, Òkukù ni yóò lọ, kó lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ.

Adéwálé tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ na dísìkì kan sí i. "Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe é. Òun ni mo fẹ́ lò. Ìwọ náà dà á kọ, ta ni yóò mọ̀?"

Ọwọ́ Mojíbọ́lá ti kan dísìkì náà kó tó fà á sẹ́yìn. "Bí bàbá mi bá bi mí ní ìbéèrè ńkọ́? Rárá o. Tèmi ni n ó ṣe."

Ó fi ìka lé ojú kọ̀ǹpútà, ó ń ka iṣẹ́ rẹ̀ láti òkè wá. Ní ìlà kọkànlá, ó ta gìrì. Àkámọ́ méjì ló ṣí níbẹ̀, ẹyọ kan ló pa dé. Kọ̀ǹpútà ti ń wá èkejì lọ títí tó fi wọ ìlà kejìlá; ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti rú u lójú, ló bá figbe ta. Mojíbọ́lá pa àkámọ́ náà dé, ìṣirò máàkì tó ń ṣe sì ń lọ geere.

Nígbà tí àwọn òbí dé, Adéwálé ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ọláìtán, ní kó fi máàkì akẹ́kọ̀ọ́ kan sí i kún iṣẹ́ rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, àṣìṣe yọ. Ìlà tí kọ̀ǹpútà dárúkọ ló dojú kọ, ó ń pa á rẹ́, ó ń tún un tẹ̀, òógùn bò ó. Níkẹyìn, ó jẹ́wọ́. "Ẹ má bínú, sà. Èmi kọ́ ni mo ṣe é."

Ó kan Mojíbọ́lá. Àṣìṣe yọ sí òun náà, ṣùgbọ́n kò bá ìlà tí kọ̀ǹpútà dárúkọ jà. Òkè rẹ̀ ló wò, ó tún un ṣe, ó sì ń ṣàlàyé fún bàbá rẹ̀ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bágbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọ mi ti dàgbà. Ọ̀gá, ẹ bá mi máa kọ́ ọ lọ."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ibi tí ariwo ti ń jáde kọ́ ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ wá orísun rẹ̀. Ẹni tó bá sì da iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ, ọjọ́ tí iṣẹ́ náà bá dàrú ni ojú yóò tì í.