Mọ̀ríámọ̀ Kẹrin

Latifah dìde dúró níwájú kíláàsì. Ọ̀gbẹ́ni Bámigbóyè, olùkọ́ ìtàn, ti ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú orúkọ ẹnì kan nínú ilé rẹ̀, kó sì sọ nípa àwọn olókìkí tó ti jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ rí. Orúkọ ìyá rẹ̀ ni Latifah mú. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí obìnrin náà ti lọ ṣiṣẹ́ ní Oman, kò sì sí ẹni tó ń pe orúkọ Mọ̀ríámọ̀ mọ́ nínú yàrá tí Latifah àti ìyá àgbà ń gbé ní àdúgbò Kpakungu. Ó kàn ń wù ú kó gbọ́ orúkọ náà ni.

Ó sọ ti Mọ̀ríámọ̀ ìyá Ànábì Ísà. Ó sọ ti Mary Slessor, tó gbógun ti pípa ìbejì ní Calabar, àti Marie Curie, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó gba ẹ̀bùn Nobel lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ahọ́n ló yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, orúkọ kan náà ni. Bó ṣe ń pè é, àárò ìyá rẹ̀ gbà á lọ́kàn, ọ̀rọ̀ tí kò rò tẹ́lẹ̀ sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá mi ni ìkẹrin wọn. Dókítà ńlá ni wọ́n ní Oman."

Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Victoria, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú kíláàsì, àti ìyá tirẹ̀ wá sílé Latifah láti àdúgbò Dutsen Kura. Ojú ìyá Victoria ti wú fún ẹkún. Àìsàn kíndìnrín ló dá bàbá Victoria dúbúlẹ̀. Wọ́n wá bẹ̀bẹ̀ kí dókítà tó wà ní Oman bá wọn dá sí i.

Ìyá àgbà wo Latifah títí. "Sannu, ìyá Victoria," ló wí jẹ́jẹ́. "Ọmọ mi kì í ṣe dókítà. Arúgbó aláìsàn kan ló ń tọ́jú. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń gbé e dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Victoria kọjú sí Latifah. "Láti àná ni mo ti ń sọ fún bàbá mi pé ara wọn á yá."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ìyá àgbà bi í bóyá iṣẹ́ ìyá rẹ̀ ló ń tì í lójú.

"Rárá, ìyá àgbà. Bí mo ṣe ń gbé wọn ga, ó dà bíi pé wọ́n ń bọ̀ wálé ni."

"Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tìrẹ ò tiẹ̀ pé ogún ọjọ́."

Ní ọjọ́ Ajé, Latifah tọrọ àyè, ó sì jẹ́wọ́ níwájú gbogbo kíláàsì. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Victoria kò gbójú sókè. Ọ̀gbẹ́ni Bámigbóyè ní orúkọ kọ́ ló sọ àwọn obìnrin yẹn di ẹni ńlá, ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ ènìyàn ni. Ẹni tó ń gbé arúgbó dìde kò sì nílò kí a pè é ní dókítà.

Ó pẹ́ kí Victoria tó tún kí i. Bàbá rẹ̀ ṣì wà nílé ìwòsàn. Ìbáṣọ̀rẹ́ àwọn méjèèjì kò sì rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ìyá Latifah pè lórí fóònù, ó ní ó di lẹ́yìn ààwẹ̀ kóun tó lè wálé, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Àárò rẹ̀ ṣì ń sọ Latifah. Ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ báyìí pé irọ́ kì í mú ẹni tó jìnnà súnmọ́lé. Ẹni tó wà nítòsí ló máa ń lé lọ.