Ọmọ-ọmọ Mi Bọ́ Nínú Wàhálà Gbèsè Ilé-Ìwé

Ọmọ-ọmọ mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ń fi aṣọ iṣẹ́ kọ́ ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn lọ́wọ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ tún dún. Ó wò ó, ó da ojú rẹ̀ délẹ̀ sórí tábìlì, ó bá tirẹ̀ lọ sí balùwẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Èmi ní tèmi, orin inú fóònù yẹn dùn mọ́ mi, mo máa ń jó sí i ni. Lọ́jọ́ náà, mo jó dé ìdí tábìlì, mo yí i padà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ káàkiri. Àfi gbàgà tí ohùn obìnrin kan gba gbogbo ilé!

"Ẹ kú ilé o, mà. Iléeṣẹ́ ẹ̀yáwó ilé-ìwé la ti ń pè."

"Ẹ ǹ lẹ́ o! Ìyá àgbà rẹ̀ nìyí. Ó ń wẹ̀ lọ́wọ́."

Ọmọ náà sáré jáde, ọṣẹ ń kán lára rẹ̀. "Màmá àgbà! Kí lẹ ṣe yẹn?"

"Mo kí èèyàn ni. Ìkíni ti di ẹ̀ṣẹ̀?"

Ló bá bú sẹ́kún. Ó ní owó tóun yá kàwé ni. Òun ò tètè ríṣẹ́, òun ò san án, wọ́n sì ti ka òun mọ́ àwọn tó kọ̀ láti san. Wọ́n lè ní kí ọsibítù máa gé owó oṣù òun.

"Àmọ́ bọ̀dá tó ń tún fóònù ṣe ní òun mọ ẹni tó máa pa orúkọ mi rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà wọn. Owó oṣù mi àkọ́kọ́ ni màá kó fún un nírọ̀lẹ́ yìí."

"Gbogbo rẹ̀? Kọ̀ǹpútà ọ̀hún, ṣé pátákó ìkọ̀wé ni?"

"Ẹ má fún un o!" Fóònù ló sọ̀rọ̀! Àṣé n kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á.

Obìnrin náà ní, "Ẹ máà bínú, mà, mo gbọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni ò lè pa gbèsè yẹn rẹ́ lẹ́yìn wa. Ẹ fi nọ́ńbà tó wà lára ìwé ẹ̀yáwó yín pè wá padà, kó dá yín lójú pé àwa ni. Kẹ́ ẹ wá mú ìwé owó oṣù yín wá. A ó jọ wo iye tágbára yín ká. Tẹ́ ẹ bá ń san án láì fo oṣù kankan, títí dìgbà tá a jọ fẹnu kò sí, a ó yọ yín kúrò láàárín àwọn tó kọ̀ láti san. Gbèsè tó kù ṣì wà o, ẹ ó kàn máa san án wọ́ọ́rọ́wọ́ ni."

Ọmọ mi nu ojú. "Tíṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ mi ńkọ́?"

"Ẹ tètè sọ fún wa. Ìdákẹ́ yín ló ń dá wàhálà sílẹ̀."

Ó pè wọ́n padà lóòótọ́, ó lọ, wọ́n gé owó tí yóò máa san lóṣooṣù sí ìwọ̀n tí apá rẹ̀ ká, kò sì fo oṣù kankan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ẹ bá mi gbè é:

Mo yọ̀, mo yọ̀, mo yọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀,
Ọmọ mi sùn, ó ń hanrun!

Ó ń hanrun débi pé èmi gan-an ò rí oorun sùn mọ́. Mo dúpẹ́!

Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ yáwó kàwé, ẹ má sá o. Ẹ má kówó fún alárékérekè kankan. Òfin ibì kan lè yàtọ̀ sí tibòmíì, nítorí náà ẹ lọ bá iléeṣẹ́ tó yá yín lówó fúnra yín, ẹ sọ bọ́rọ̀ ṣe rí, ẹ bi wọ́n lọ́nà àbáyọ. Kí oorun dùn mọ́ ẹ̀yin náà.