Tábúlẹ́ẹ̀tì Lórí Ààrò Ẹja

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Fadékẹ́ jókòó sí ìdí ààrò ẹja rẹ̀ bó ṣe máa ń jókòó, ojú rẹ̀ pọ́n, èéfín ń rọ́ wọ̀ ọ́ nímú. Ẹja ṣáwá ló tò sórí wáyà. Ó ń yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń yán láàárín. Bí ẹni tó ń kọjá bá ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," á dáhùn pé, "Ó ti rẹ̀ mí o jàre," á tún na ọwọ́ sí ẹja.

Òótọ́ ni, ó ti rẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ ni wọ́n ti ń sá fún òkun. Òkun á dé, á gbé ilẹ̀ mì, wọn á tú pákó ilé, wọn á rù ú sẹ́yìn, wọn á tún kàn án pọ̀. Kí wọ́n tó mọ orúkọ aládùúgbò tuntun, omi á tún ti máa fọ́ lẹ́sẹ̀ ilé.

Láàárọ̀ yìí, nǹkan kan wà ní igun wáyà náà tí kì í ṣe ẹja. Tábúlẹ́ẹ̀tì ilé ìwé ni.

Ọpẹ́fólúwa, ọmọbìnrin Fadékẹ́, ló gbé e wálé ní ọjọ́ Furaidé. Praimárì Márùn-ún ló wà. Tíṣà wọn, Bàdírátù, ń fi áàpù kan kọ́ wọn tí wọ́n ń pè ní pátákó aláwòrán. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀. Ó dà bí ògiri kan tí gbogbo kíláàsì lè lẹ nǹkan mọ́. Ọmọ kan á lẹ fọ́tò, òmíràn á kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, òmíràn á fi ohùn ènìyàn sí i, gbogbo wọn á sì máa rí i lórí tábúlẹ́ẹ̀tì tí kálukú mú dání. Iṣẹ́ táàmù yìí ni "Ìlú Wa Kí Òkun Tó Dé."

Ọpẹ́fólúwa ti kọ́kọ́ lẹ fọ́tò òpó ilé bàbá rẹ̀ àgbà, àwọn òpó tó ṣẹ́ kù tó nàró sínú omi. Láìpẹ́ sí i, ìgbì wá, ó kó àwọn òpó náà lọ. Fọ́tò yẹn nìkan ló kù.

Ní Sátidé, ó tún gbé tábúlẹ́ẹ̀tì náà síwájú ìyá bàbá rẹ̀, Màmá Olówòkéré, láti gba ohùn wọn sílẹ̀. Ìyá náà ka orúkọ gbogbo ilé tó wà ní òpópónà wọn àtijọ́, láti ìdí ṣọ́ọ̀ṣì títí dé ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Kò tún sí ẹlòmíràn láyé tó lè kà á tán.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Ọpẹ́fólúwa wa ọkọ̀ kọjá sódì kejì omi láti fi han Promise, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan sá kọjá, kò dẹ eré. Ìgbì rẹ̀ mi ọkọ̀ ọmọ náà, tábúlẹ́ẹ̀tì bọ́ sínú omi iyọ̀ tó dúró sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n máa yọ ọ́, ojú rẹ̀ ti ṣú.

Godspower tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe ló rí Fadékẹ́ tó ń fi ìdí aṣọ nù ún.

"Ìyàwó wa, nítorí èyí lẹ ṣe fajú ro báyìí? Pílọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì tó bá mumi, ṣebí ìdí iná la máa ń gbé e sí. Á gbẹ, á ta iná padà."

"Ṣé kò ní bàjẹ́?"

"Èmi tí mò ń jí òkú ẹ́ńjìnnì dìde! Ẹ fi sígun wáyà, kí iná yẹn ṣe wọ́ọ́rọ́. Ó pẹ́ tán, Mọ́ńdè."

Ohun tí wọ́n mọ̀ náà nìyẹn. Létí omi wa, ìdí ààrò ni ohun gbogbo tó bá tutù ti ń gbẹ: ẹja, bàtà, àwọ̀n, ìwé ọmọ. Fadékẹ́ kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́kàn rẹ̀, fọ́tò òpó àti ohùn ìyá ọkọ rẹ̀ wà nínú nǹkan yẹn bí ẹja ṣe ń wà nínú ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá rì, kí lèèyàn tún fẹ́ rí kó?

Bẹ́ẹ̀ sì ni, lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, jẹ́ríkáànù epo bẹntiróòlù tí Olúrẹ̀mí, ọkọ rẹ̀, fẹ́ gbé lọ sójú òkun ló fara ti ògiri pákó.

Bàdírátù rí i pé Ọpẹ́fólúwa kò wá sílé ìwé. Nígbà tí àwọn ọmọ jáde eré, ó wọ ọkọ̀ wá, tábúlẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ wà nínú báàgì.

"Ẹ kúulé o. Màmá Ọpẹ́, ọmọ wa dà?"

"Ó wà nínú ilé, Tíṣà. Ó ní ojú wo lòun máa fi wò yín." Fadékẹ́ nawọ́ sí ààrò. "Ó já sómi. À ń gbẹ ẹ́ ni."

Bàdírátù wo ibẹ̀. Ẹ̀yìn tábúlẹ́ẹ̀tì ti wú bí ikùn ẹja tó fẹ́ rà, gíláàsì rẹ̀ ti ń ṣí kúrò lára rẹ̀, òórùn kan tí kì í ṣe ti ẹja sì ń jáde.

"Yéè! Ẹ dìde níbẹ̀! Màmá Ọpẹ́, ẹ dìde! Ẹ má fọwọ́ kàn án! Godspower, gbé epo yìí jìnnà, kíá!"

Godspower tó ń jẹ gúgúrú lẹ́nu ọ̀nà da gúgúrú nù, ó gbá jẹ́ríkáànù mú. Bàdírátù fa àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ yọ lára ògiri, ó fi bu tábúlẹ́ẹ̀tì náà kúrò lórí wáyà bí ẹni bu eérú, ó sáré gbé e dé orí yanrìn gbalasa, ó jù ú síbẹ̀.

Kò tíì padà sẹ́yìn tán tí tábúlẹ́ẹ̀tì náà fi pòṣé ṣìì. Èéfín funfun rú, iná sì bù jáde lára rẹ̀. Wọ́n dúró lókèèrè, wọ́n ń wò ó títí tó fi jó tán.

Fadékẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò wo ilé rẹ̀ tí kò jóná.

"Ó parí," ó ní. "Òkun kó ilé, ó kó òpó. Iná wá kó fọ́tò àti ohùn Ìyá."

"Màmá Ọpẹ́, ẹ gbọ́," Bàdírátù ní. "Ohun tó bá ti lẹ̀ mọ́ pátákó yẹn kì í gbé inú tábúlẹ́ẹ̀tì. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń gbé. Bí fèrèsé ni tábúlẹ́ẹ̀tì rí, òun la fi ń wò ó. Bí fèrèsé kan bá fọ́, ẹ ó lọ síbi òmíràn, ẹ ó tún wò ó."

Fadékẹ́ gbójú sókè. "Ẹ wá mọ èyí, ẹ ò sọ fún wa?"

Bàdírátù jókòó tì í. "A sọ fún àwọn ọmọ. A ò pe ẹ̀yin òbí. Ó yẹ ká pè yín."

Orí afárá pákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé. Gbogbo wọn lọ síbẹ̀, Ọpẹ́fólúwa di ọwọ́ ìyá àgbà mú, ojú rẹ̀ wú fún ẹkún. Bàdírátù ṣí pátákó náà lórí tábúlẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Ó pẹ́ kó tó ṣí. Fọ́tò òpó yọ.

Màmá Olówòkéré fi ìka kan gíláàsì. "Òun nìyí. Ara èyí tó tẹ̀ yẹn ni bàbá yín máa ń so ọkọ̀ mọ́."

"Ohùn Ìyá ńkọ́?" Fadékẹ́ bi wọ́n.

Ọpẹ́fólúwa wá a sókè sódò. Kò sí.

"Níbo lo ti gba ohùn wọn?" Bàdírátù bi í.

"Nínú ilé, Áńtí."

"Ṣé o gbé e wá síbí lẹ́yìn náà?"

Ọmọ náà mi orí pé rárá.

"Kò tíì gòkè sórí íńtánẹ́ẹ̀tì nìyẹn kó tó bọ́ sómi. Ó kú sínú tábúlẹ́ẹ̀tì."

Fadékẹ́ fi ìdí ìró bojú. Godspower ń fọwọ́ họ orí. "Ìyá, ẹ máà bínú. Èmi ni mo ní kí wọ́n..."

"Ìwọ ajíòkú-ẹ́ńjìnnì," Màmá Olówòkéré dá a lóhùn. "Tábúlẹ́ẹ̀tì ló kú. Ta ló sọ fún yín pé èmi náà ti kú? Ẹ wá àpótí fún mi, ẹsẹ̀ ń ro mí. Ọpẹ́, ọma mi, tẹ nǹkan yẹn. Ó ti rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n mo ṣì rántí."

Ó kọjú sí òkun. Omi nìkan ló wà níwájú rẹ̀.

"Téèyàn bá kúrò nídìí ṣọ́ọ̀ṣì, ilé Ọlọ́rundáre tó ń hun àwọ̀n ló kọ́kọ́ kàn. Lẹ́yìn rẹ̀, ilé Moríkẹ́, tó ní ìkòkò omi ńlá lẹ́nu ọ̀nà..."

Nígbà tó kà á tán, kò sẹ́ni tó dìde. Àmì róbótó kan ń yí lórí gíláàsì, ó ń yí, ó ń yí. Ìgbà tó dúró, tí ohùn ìyá náà sì jáde lórí fóònù Godspower tí wọ́n fi ṣí pátákó náà wò, ni Fadékẹ́ tó mí kanlẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin alágbàtọ́ létí omi gbogbo, bí tábúlẹ́ẹ̀tì tàbí fóònù bá bọ́ sómi, pàápàá omi iyọ̀, ẹ pa á, ẹ má ṣe fi iná ṣáàjì sí i. Ẹ má gbé e sórí ààrò, ẹ má sá a sóòrùn. Bátìrì inú rẹ̀ kì í ṣe pílọ́ọ̀gì. Ẹ gbé e síta níbi tí kò sí epo àti ohun tó lè jó, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí tíṣà. Bó bá wú tàbí tó gbóná, ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má kàn án. Kò sí tíṣà tó yẹ kó fẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì ju ọmọ lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ọmọ sọ òtítọ́ láìbẹ̀rù.

Iṣẹ́ tí ọmọ bá sì ṣe sórí pátákó aláwòrán níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí, kò tíì dé ibi kankan. Ẹ bá a gbé e lọ síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, kí ẹ dúró títí yóò fi gòkè, kí ẹ fi ẹ̀rọ mìíràn wò ó. Ó lè ti rẹ̀ yín. Ẹ ṣáà dúró.

Màmá Olówòkéré ṣì wà láyé láti tún un sọ. Kì í ṣe gbogbo ilé ló máa rí bẹ́ẹ̀.