Ọsàn Méjì ní Ọjà Tápà

Ọsàn Táyé ni Keturah kọ́kọ́ mu, kí ó tó mọ orúkọ mi.

Ìdíkọ̀ ní Igbó-Ọrà ni, ní àárọ̀ Mọ́ńdè. Mo jókòó sórí ọ̀kadà mi, mò ń mu ọsàn kan, èkejì wà lórí táǹkì níwájú mi. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan dé, ó kó ìwé mọ́ àyà. Ó ní Tápà ni òun ń lọ, ó mú ọsàn orí táǹkì, ó sì ń mu ún lọ.

Mo ní, "Tíṣà, ọsàn ta lẹ ń mu yẹn?"

"Mo rí i pé méjì ni, ẹ̀yin nìkan lẹ sì jókòó. Mo rò pé ẹ fi ń fa ojú èrò mọ́ra ni."

"Ti ìkejì mi ni."

"Níbo ni ìkejì yín wà?"

"Ó lọ sọ́jà."

"Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ tó bá dé." Ó nu ẹnu, ó gun ẹ̀yìn ọ̀kadà.

Èmi ò fẹ́ràn tíṣà. Kíláàsì kẹrin ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, torí tíṣà kan nà mí nítorí ohun tí mi ò ṣe. Ọkùnrin náà ti fẹ̀yìn tì, àdúgbò kan náà la jọ ń gbé, mi ò tíì kí i di òní. Ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín dé Tápà lọ́jọ́ náà, mi ò sì gbowó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbejì ni wá. Èmi ni Kẹ́hìndé. Táyé kú kí a tó ká eyín, ṣùgbọ́n nílé wa, a kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. A máa ń sọ pé ó lọ sọ́jà Tápà. Ohunkóhun tí màmá mi bá rà fún mi, méjì ni. Ère igi kékeré kan wà ní yàrá rẹ̀ tó dúró fún Táyé. Ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń se ẹ̀wà fún un, bẹ́ẹ̀ kò sì pa ìrun kankan jẹ. Àwọn àlùfáà ti bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi sú wọn. Ó kàn fi ìbòrí ìkírun rẹ̀ wé ère náà kí wọ́n má baà rí i.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń gbé Keturah lọ tó sì ń gbé e bọ̀ nìyẹn. Kò pẹ́ tó fi ń pè mí ní Àkànó, orúkọ tí ìyá bàbá mi nìkan ń pè mí.

Ó ń kọ ìtàn. Ìtàn àwọn ìlú tí kò sí láyé, òrùka tó ń sọ èèyàn di ẹni àìrí, òòyà tó ń di igbó kìjikìji téèyàn bá jù ú sẹ́yìn. A máa ń dúró sábẹ́ igi igbá kan lọ́nà Tápà, á ka díẹ̀ fún mi, èmi á sì máa wá ìjà.

"Kí ló dé tó jẹ́ méje méje ni gbogbo nǹkan tìrẹ? Ilẹ̀kùn méje, òkè méje."

"Mẹ́fà ti gún jù, Àkànó. Ohun tó bá gún kì í bani lẹ́rù. Ìkeje ni ilẹ̀kùn tí wọ́n ní kéèyàn má ṣí."

"Ẹ̀ta ńkọ́?"

"Ẹ̀ta ni ti àdánwò. Ẹ̀gbọ́n á lọ, á kùnà. Àbúrò á lọ, á kùnà. Àbíkẹ́yìn ló máa ń mú nǹkan náà wálé. Tó bá jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ ló mú un wá, ta ló máa jókòó gbọ́ ìyókù?"

"Èjì?"

Ó wò mí. "Ìwọ ni kí o sọ ìyẹn fún mi."

Mo ní, "Èjì ló pé. Ọ̀kan kì í ṣe nǹkan kan. Ọ̀kan jẹ́ èjì tí nǹkan burúkú ti ṣe."

Ìgbà náà ni mo sọ fún un pé Táyé kú. Ẹnu mi ò sọ ọ́ rí. Kò kí mi pẹ̀lẹ́. Ó kàn fi orí tì mí léjìká títí òòrùn fi kúrò lórí wa. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé òun ni màá fẹ́.

Ó tún sọ nǹkan kan tó yẹ kó mú mi fura. Ó ní ohun idán tó bá ran ọmọ inú ìtàn lọ́wọ́ lọ́nà kì í bá a wálé. Òrùka á bọ́ sódò, òòyà á kán. Tó bá bá a wọlé, ìtàn náà kò ní parí láé.

Bàbá rẹ̀, Zachariah, tó ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé rí ní Èrúwà, wò mí láti òkè délẹ̀. "Ọlọ́kadà. Mùsùlùmí. Kò sì jáde ìwé mẹ́fà."

Keturah ní, "Bàbá, èmi ni mo fẹ́ ẹ."

"Ó dáa. Kí o ṣáà má dàgbà sí mi lọ́rùn nínú ilé." Iwájú mi ló ti sọ ọ́. Mo kí i dáadáa, mo sì tọ́jú ọ̀rọ̀ náà.

Ti màmá mi yàtọ̀. Màmá Táyé ni gbogbo àdúgbò ń pè é títí di ìsinsìnyí. Ìyàwó ló ń pe Keturah láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ rí i. Ó mú un wọ yàrá, ó fi ère hàn án, ó sì jẹ́ kó gbé e mọ́ra.

Ó kù díẹ̀ ká ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nígbà tí ìwé ìtàn Keturah jáde. Ó gbé e wá sílé wa, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní màmá mi ni òun máa kọ́kọ́ kà á fún. Ìtàn ọmọ kan ni, tó ní ère igi tó máa ń dá a lóhùn lójú ọ̀nà. Wọ́n jọ kọjá ilẹ̀kùn mẹ́fà. Màmá mi ń rẹ́rìn-ín, ó ń ní, "Ẹ gbọ́ o, ẹ gbọ́ ọmọ yìí."

Ìkeje kì í gba ju ẹnì kan lọ. Ọmọ náà gbé ère lọ sí odò Òfìkì. Keturah kà á pé, "'Ìkejì mi ti kú,' ni ọmọ náà wí, ó sì jẹ́ kí odò gbé e lọ."

Màmá mi ní, "Ìyàwó mi, ta ló kú?"

"Ìtàn ni, Màmá."

"Mo mọ̀ pé ìtàn ni. Mo ní ta ló kú?"

Keturah wò mí. Mi ò ràn án lọ́wọ́. Màmá mi dìde, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Níta ni mo ti sọ fún un pé, "O gbé Táyé sínú ìwé, o sì pa á."

"Àkànó mi, ìwọ lo sọ fún mi pé ó kú."

"Ìwọ ni mo sọ fún. Mi ò rán ẹ sí màmá mi. Yí i padà. Jẹ́ kí àwọn méjèèjì wọlé."

"Ilẹ̀kùn náà kì í gba méjì. Tí mo bá ní ó gbà á, irọ́ ni, ọmọ yẹn á sì dúró síbẹ̀ títí ayé."

"Ọmọ wo? Àbí èmi ni?"

Omi lé ròrò sí i lójú. "Ìwọ ni, olólùfẹ́ mi. Tìtorí rẹ ni mo ṣe kọ ọ́."

Mo ṣáná sí ọ̀kadà. Ẹsẹ̀ ló fi rìn dé ìdíkọ̀.

Ó padà wá bẹ màmá mi, wọ́n sì jọ jẹun. Màmá mi ní, "Kẹ́hìndé, lọ mú ìyàwó rẹ wá. Inú mi ti rọ̀."

"Inú tèmi ò tíì rọ̀, Màmá."

"Èmi kọ́ ló ṣẹ̀ ni?"

"Ẹ̀yin lẹ gbàgbé. Èmi ò gbàgbé."

Keturah ń pè mí lórí fóònù, mò ń wo orúkọ rẹ̀ títí tó fi máa ń dákẹ́. Òjò lọ, ọyẹ́ dé, wọ́n tún gbin àgbàdo tuntun. Lẹ́yìn náà ló wá bá mi ní ìdíkọ̀. Ọsàn méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Malachi, ará Èrúwà, ti wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi. Mi ò tíì dá wọn lóhùn. Mo ra méjì, Àkànó."

Mo ní, "Kí ìwọ àti Malachi pín in."

Ó gbé ọsàn méjèèjì sórí táǹkì, ó sì lọ. Nígbà tí mo ṣáná sí ọ̀kadà, wọ́n já bọ́. Mi ò sọ̀ kalẹ̀ ṣà wọ́n.

Màmá mi lọ sí ìgbéyàwó Keturah àti Malachi. Mo kọ̀, mi ò gbé e lọ. Bó ṣe dé láti Èrúwà, ó wọ yàrá, ó jáde, ó gun ọ̀kadà ẹlòmíràn. Nígbà tó padà, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ìbòrí tó fi ń wé ère ló wà lórí rẹ̀.

Ó ní, "Òfìkì ni mo lọ. Táyé ti kú, Kẹ́hìndé. Ó ti pẹ́."

"Ta ló gbé yín lọ?"

"Godwin."

Ìdíkọ̀ kan náà ni èmi àti Godwin ti ń gbé èrò, ṣùgbọ́n mi ò kí i mọ́ látìgbà náà.

Lọ́jọ́ ọjà Tápà tó kọjá, mo ra ọsàn méjì lọ́wọ́ Rùkáyyàh ọlọ́sàn. Ó bó wọn, ó ń wò mí. "Ìwọ Kẹ́hìndé yìí, ta lo máa ń ra èkejì fún?"

"Ó lọ sọ́jà."

Ó na ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ yí gbogbo àtẹ po. "Ọjà náà nìyí o. Inú rẹ̀ lo wà."

Mo mu tèmi. Mo gbé èkejì sórí táǹkì, mo sì ṣáná sí ọ̀kadà.