Ohùn Tó Wá Láti Inú Sípíkà

Èyí kì í ṣe àlọ́ o. Ó ṣẹlẹ̀, ọ̀sán gangan ló sì ṣẹlẹ̀, nínú ilé eré kan ní Lọ́ńdọ̀n tí èrò kún fọ́fọ́. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi Glenys.

Glenys Pardoe ló ń wọ àwọn òṣèré láṣọ níbẹ̀. Eré olórin kan wà nípa opó atukọ̀, òun ló sì ń de bọ́tìnì ẹ̀yìn aṣọ dúdú tí opó náà ń wọ̀. Aṣọ kan ṣoṣo ni, òṣèré ni wọ́n ń pààrọ̀. Bí ẹnì kan bá lọ, wọn á rán orúkọ ẹni tuntun sí abẹ́ ti àtijọ́ nínú ọrùn aṣọ. Wọn kì í tú ti àtijọ́. Rhona ló wà lókè. Tamsin tẹ̀ lé e. Jessamy ló wà nísàlẹ̀.

Ṣé ẹ mọ àwọn ará tíátà? Ẹ jókòó tì wọ́n nílé ọtí, ẹ ó gbọ́.

"Rhona ló ṣe opó jù."

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún! Rhona tó dúró gbagidi bí òpó iná? Tamsin ló mọ ẹkún sun."

Ẹjọ́ ilé ọtí nìyẹn, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Glenys ló gbé e wọ yàrá ìmúra. Bó bá ti ń de bọ́tìnì Tamsin, á ní: "Rhona kì í mí bí orin ìparí bá ń gòkè o. Èémí kan ṣoṣo ló fi ń gbé e dé òpin."

Tamsin gbọ́ ọ títí ó fi sú u. Lọ́jọ́ kan, lójú èrò, òun náà kọ̀, kò mí. Ohùn rẹ̀ já. Ẹ̀jẹ̀ ta sí àyà aṣọ. Títí dòní, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, kò lè kọrin mọ́. Glenys ló fọ ẹ̀jẹ̀ náà. Ojú tì í débi pé kò lọ kí Tamsin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó kàn búra pé òun ò ní fi òṣèré kan wé èkejì mọ́ láyé.

Ó wá di eré ọ̀sán ọjọ́ Wẹ́sìdé kan. Jessamy dúró níwájú dígí, Glenys wà lẹ́yìn rẹ̀. Sípíkà tó ń gbé ohùn orí ìtàgé wá sí yàrá ń kùn lókè ilẹ̀kùn.

"Àǹtí Glenys, báwo ni Tamsin ṣe ń kọ orin ìparí yẹn?"

"Mi ò rántí."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ̀yin tí wọ́n ní ẹ mọ èémí gbogbo wọn!"

"Jọ̀ọ́, ọmọ mi. Tìẹ ni kí o kọ."

Sípíkà dákẹ́. Kò sí dùùrù. Kò sí ikọ́ èrò. Ohùn kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìparí.

Jessamy rẹ́rìn-ín. "Ta nìyẹn? Ṣebí orin mi nìyẹn?"

Ọwọ́ Glenys dúró lórí bọ́tìnì. Tamsin ni. Ẹkún tó wà lábẹ́ ohùn yẹn, Tamsin nìkan ló ní in. Ohùn náà gòkè. Kò mí. Glenys náà kò lè mí.

Kò já lọ́tẹ̀ yìí. Ó gùn títí, ó gùn kọjá ibi tí Rhona máa ń dé, ó sì parí wẹ́rẹ́. Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kan wá jáde.

"Glenys. Ṣé ó ti tó ti Rhona báyìí?"

Ẹ̀bi ọjọ́ pípẹ́ gbá ọkàn Glenys mú. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Kò rántí ìbúra kankan.

"Ó ju ti Rhona lọ! Ó ju ti gbogbo wọn lọ. Dákun, forí jì mí."

Dùùrù bẹ̀rẹ̀ padà, èrò ń wúkọ́. Wọ́n pe Jessamy sórí ìtàgé bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Jessamy ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Gbogbo wọn," ló sọ. "Tèmi náà ńkọ́?"

"Jessamy, kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Wọn kì í mí ní ìparí orin yẹn, àbí? Mo ti gbọ́." Ó sì jáde.

Glenys kò láyè láti tẹ̀ lé e dé orí ìtàgé. Ó dúró lábẹ́ sípíkà títí orin ìparí fi dé. Ohùn Jessamy gòkè, ó dé ibi tó yẹ kó mí, ó kọjá rẹ̀.

"Mí!" ni Glenys ń pariwo sí i. "Ọmọ mi, mí o!"

Ṣùgbọ́n sípíkà yẹn kì í gbé ohùn lọ sórí ìtàgé. Ohùn náà ṣì ń gòkè.