Ilẹ̀kùn Tí Kò Mọ Ọwọ́ Bíríkìlà

Bí ẹ bá rí bíríkìlà yìí lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tó dúró níwájú ilẹ̀kùn ara rẹ̀, tó ń na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rò pé ilẹ̀kùn ń kọ́ ọ ní ìṣirò ni.

Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún ló kọ́kọ́ tẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, a kò mọ ìka yìí," ni ilẹ̀kùn wí. Ohùn obìnrin ni wọ́n fi sínú rẹ̀, ohùn pẹ̀lẹ́ tí kì í kánjú.

Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó tẹ òmíràn.

"Ẹ jọ̀wọ́, a kò mọ ìka yìí."

"O ò mọ̀ mí? Èmi tí mo rà ọ́, tí mo gbé ọ wálé, tí mo fi ọwọ́ ara mi kàn ọ́ mọ́ ibẹ̀ yẹn?"

Ilẹ̀kùn dákẹ́. Ó ní ẹ̀kọ́ ilé ju onílé lọ.

Ọ̀rá iyọ̀ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì. Ìyẹn ló lọ rà. Yanrìn ló tán ní sáìtì tó fi tètè wálé lọ́jọ́ náà. Ó bá ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, tó ti gbé ẹ̀wà kaná tó sì ń múra láti lọ ra aṣọ ní ìlú kejì. Ìyẹn ti kìlọ̀ fún un pé, "Bàbá Ìbejì, ẹ máa fojú sí iná o. Màmá ń sùn." Bàbá Ìbejì fojú sí iná lóòótọ́, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìgbà tó rí i pé kò síyọ̀ nílé ló jáde, ilẹ̀kùn sì ti ara rẹ̀ pa lẹ́yìn rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń sọ. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ṣe ń pẹ́ tó.

Bó ṣe há síta nìyẹn. Ìkòkò ẹ̀wà wà lórí gáàsì, ìyá ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú yàrá, ó ń sùn.

Ká má parọ́ mọ́ ọn, kọ́kọ́rọ́ onítẹ̀ka yìí ṣe dáadáa nígbà tó kọ́kọ́ rà á. Orí fóònù ló ti rí ìpolówó rẹ̀: ọkùnrin kan tó wọ kóòtù fi ìka kan ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ṣí, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wọlé. Bíríkìlà kò ní kóòtù, ṣùgbọ́n ó ní ìka. Ó ra tirẹ̀. Ìwé ìtọ́ni pẹlẹbẹ kan àti kọ́kọ́rọ́ irin méjì wà nínú páálí rẹ̀. Kò ka ìwé náà. Ó dá kọ́kọ́rọ́ irin padà sínú páálí, ó sì gbé páálí sórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá òun àti ìyàwó rẹ̀, kó má baà sọnù.

Nígbà tó ń pe àwọn ará sáìtì lórí fóònù, tó ń fi kọ́kọ́rọ́ náà fọ́nnu, obìnrin kan tó ń bá wọn wáyà ilé, tí gbogbo wọn ń pè ní Àǹtí Wáyà, sọ fún un pé, "Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó kàn án."

Bíríkìlà rẹ́rìn-ín. "Èmi tí mò ń kọ́ odidi ilé, ilẹ̀kùn lásán ni yóò wá fún mi níṣòro?"

Ẹsẹ̀ ń dùn ún nígbà yẹn. Ó ti tó ogúnjọ́ tó ti wà nílé láìfọwọ́ kan símẹ́ńtì, ọwọ́ rẹ̀ ti rọ̀, ilẹ̀kùn sì mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ìyàwó rẹ̀ ló máa ń ṣílẹ̀kùn fún un nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ náà gan-an ni òun àti ilẹ̀kùn máa kọ́kọ́ kojú ara wọn láwọn nìkan.

Ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù. Inú ọkọ̀ ni ìyẹn wà.

"Ìka rẹ nìkan ni ilẹ̀kùn yìí mọ̀," ni bíríkìlà wí. "Jọ̀ọ́, ya àtàǹpàkò rẹ ní fọ́tò, kí o fi ránṣẹ́ sí mi."

"Àtàǹpàkò mi bí ti báwo?"

"Yà á ná. Tí o bá délé, a ó sọ ìyókù."

Fọ́tò wọlé. Èékánná pupa roro ló wà níbẹ̀.

"Ẹ̀yìn rẹ̀ lo yà, ìyàwó mi. Inú rẹ̀ ni mo ní kí o yà."

Fọ́tò kejì wọlé. Bíríkìlà gbé ojú fóònù lé ibi ìtẹ̀ka, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn dáadáa, ó tún fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i díẹ̀.

"Ẹ ti gbìyànjú jù," ni ilẹ̀kùn wí, kò gbé ohùn sókè. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta."

Ìgbà yẹn ni òórùn kan lù ú nímú. Kì í ṣe òórùn ẹ̀wà tó jinná. Ẹ̀wà tó ń jóná ni. Èéfín ti ń yọ lójú fèrèsé ilé ìdáná. Iyọ̀ bọ́ lọ́wọ́ bíríkìlà, ó sì sáré yípo ilé lọ sí fèrèsé yàrá tí Màmá wà.

Irin ló wà lójú fèrèsé náà. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí ajórin jó o mọ́ ọn nítorí olè. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá irin náà, ó ń pariwo orúkọ Màmá, títí ojú Màmá fi yọ láàárín irin.

"Bàbá Ìbejì, kí ló ń jóná nínú ilé yìí?"

"Ẹ̀wà ni, Màmá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ ṣílẹ̀kùn fún mi."

"Ibẹ̀ ni mo ti ń bọ̀. Mo fà á, mo fà á, kò gbọ́. Èéfín ò jẹ́ kí n mí, ni mo bá padà síbí, mo sì ti ilẹ̀kùn yàrá."

"Kíní roboto kan wà lábẹ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn náà, Màmá. Ẹ ó kọ́kọ́ yí i kí ẹ tó fà á."

Màmá wò ó dáadáa. "Ta ló sọ fún mi?"

Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ó ti lo ọjọ́ mẹ́rin nínú ilé náà. Wọ́n ti fi ibi tí ṣúgà wà hàn án, wọ́n ti fi rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n hàn án, wọ́n sì ti fi fọ́tò àwọn ìbejì ní ilé ìwé hàn án lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé kí n padà sínú èéfín lọ yí i?" ni Màmá bi í, ó sì húkọ́.

"Rárá, Màmá. Ẹ má lọ. Ẹ dúró síbi tí atẹ́gùn wà." Ẹ̀rù ń ba bíríkìlà gidigidi. Ìyá tó fi ọmọ fún un nígbà tí kò ní ju ṣíbí ìmọlé kan lọ lọ́wọ́, òun ló há mọ́lé pẹ̀lú iná yìí, nítorí pé ó wu ọkọ ọmọ rẹ̀ láti máa fi ìka ṣílẹ̀kùn bí oníkóòtù.

Àwọn aládùúgbò ti ń pé jọ. Ọ̀kan ní kí wọ́n fọ́ ilẹ̀kùn. Irin ni ilẹ̀kùn. Ọ̀kan ní kí wọ́n dá ògiri lu. Bíríkìlà fọwọ́ kan ògiri náà, ọkàn rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì, torí òun ló mọ ọ́n, kò sì fi símẹ́ńtì ṣahun. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa wù ú pé kí òun ti ṣe iṣẹ́ jákujàku.

Ó gbé ìtìjú tà, ó pe Àǹtí Wáyà. Bó ti ń dúró dè é, ó ń tẹ ìka mọ́ ilẹ̀kùn léraléra.

Sáìtì kò jìnnà. Kò pẹ́ tó fi sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù, àpò irinṣẹ́ wà léjìká rẹ̀. Bíríkìlà nawọ́ sí ilẹ̀kùn, ó fẹ́ máa ṣàlàyé. Àǹtí Wáyà kò tilẹ̀ wo ilẹ̀kùn.

"Ọ̀gá mi, níbo ni sílíńdà gáàsì wà?"

"Ó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, níta."

"Níta? Ẹ ti pa á?"

Nínú gbogbo àwọn tó ń dámọ̀ràn, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀. Sílíńdà náà kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ síbi tí wọ́n dúró sí. Àǹtí Wáyà rìn lọ, ó yí orí sílíńdà pa, ó padà, ó sì ní kí ẹnì kan pe àwọn panápaná kí wọ́n máa bọ̀.

"Iná ń jó, ẹ̀yin ń bá ilẹ̀kùn ṣàròyé," ló wí. Ó di ọwọ́ bíríkìlà mú, torí ìyẹn tún ti ń na ìka lọ. "Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn ló ń tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Wọ́n dúró. Bíríkìlà kò lè dúró sójú kan. Ó ń lọ síbi fèrèsé, ó ń bọ̀.

"Màmá, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

"Níbo ni kí n lọ?" ni Màmá dáhùn.

Àǹtí Wáyà bi í nípa kọ́kọ́rọ́ irin tó bá kíní náà wá.

"Ó wà nínú yàrá tèmi àti ìyàwó mi, lórí kọ́bọ́ọ̀dù."

"Nọ́ńbà rẹ̀ ńkọ́?"

"Nọ́ńbà wo?"

"Èyí tí ẹ ó máa tẹ̀ nígbà tí ìka bá kọ̀. Ẹ kò rí àwọn nọ́ńbà tó wà lójú rẹ̀ ni?"

"Mo rò pé ọ̀ṣọ́ ni."

Nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́ta pé, Àǹtí Wáyà nawọ́ sí ilẹ̀kùn. Ó tẹ nọ́ńbà tí wọ́n máa ń fi sínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà.

"Ẹ káàbọ̀ sílé," ni ilẹ̀kùn wí, ó sì ṣí.

Ilẹ̀kùn tó kọ ìka onílé, tó kọ àtàǹpàkò ìyàwó rẹ̀, òun ló ń kí ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti lè kà dé ẹ̀fà káàbọ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni bíríkìlà ti ń sùn lẹ́yìn rẹ̀, tó rò pé òun ti ti olè mọ́ta?

Kò dúró rò ó. Aládùúgbò kan na aṣọ tútù sí i, ó fi bo imú, ó tẹ̀ ba, ó wọlé, ó sì gbé Màmá pọ̀n jáde. Nígbà tí àwọn panápaná dé, tí wọ́n pa iná tán, tí èéfín sì rọlẹ̀ díẹ̀, wọ́n rí i pé ìkòkò ti dúdú kanlẹ̀, iná sì ti jẹ aṣọ fèrèsé ilé ìdáná dé ìdajì. Bí wọn ò bá pa gáàsì nígbà tí wọ́n pa á, ibi tí iná ìbá dé, kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ ọ́ lẹ́nu.

Bíríkìlà dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú yẹ̀pẹ̀ níwájú Màmá, ó ń sunkún lójú gbogbo àdúgbò. "Ẹ forí jì mí, Màmá."

"Dìde. Mi ò kú," ni Màmá wí. Ó mu omi, ó sì nu ojú. "Ṣùgbọ́n mi ò ní sùn nínú ilé tí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jáde níbẹ̀."

Àǹtí Wáyà yí àtẹ́lẹwọ́ bíríkìlà sókè. "Ẹ wo ìka yín. Símẹ́ńtì ti jẹ gbogbo ìlà ojú rẹ̀ tán. Ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ ti sinmi, ìlà ti padà. Kíní yìí kò burú, kì í kàn ṣe irú yín ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó ń po símẹ́ńtì, ẹni tó ń fọṣọ ṣe iṣẹ́, àgbàlagbà tí ìlà ìka rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, nọ́ńbà tàbí káàdì tí wọ́n ń fi kan ilẹ̀kùn ló máa rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ẹ̀yin kò sọ iṣẹ́ yín fún ẹni tó tà á, òun náà kò sì bi yín."

"Bátìrì rẹ̀ ńkọ́?" ló tún bi í.

"Ó máa ń dún tíì-tíì nírọ̀lẹ́. Mo rò pé ó ń kí wa ni."

"Ebi ló ń pa á, ọ̀gá mi. Ọjọ́ tí ebi náà bá pọ̀ jù, nọ́ńbà gan-an kò ní ṣí i mọ́."

Ó bojú wo àwọn tó dúró yí wọn ká. "Èèyàn mẹ́jọ ló ti mọ nọ́ńbà ilé yín báyìí." Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè, bí ẹni pé òjò fẹ́ rọ̀. Ó ní kí wọ́n kẹ̀yìn, ó sì fi bí wọ́n ṣe ń yí nọ́ńbà náà padà han bíríkìlà. Wọ́n pààrọ̀ bátìrì. Wọ́n gbé páálí sọ̀ kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ irin kan pamọ́ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ìyàwó rẹ̀.

Màmá kò tíì gbà láti sùn níbẹ̀. Ó ní kí gbogbo wọn jáde, kí wọ́n ti òun mọ́nú ilé. Ó ní òun ó di ojú, torí nínú èéfín, ojú kì í ríran. Ìgbà àkọ́kọ́, ó já sí ìdí fíríìjì. Ìgbà kejì, ó dé ìdí ilẹ̀kùn, ó gbàgbé kíní roboto.

Ìgbà kẹta, bíríkìlà dúró síta, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn kó má baà fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ Màmá. Ó gbọ́ ọwọ́ tó ń wá ara ògiri. Lẹ́yìn náà, kíní roboto yí, ilẹ̀kùn ṣí, Màmá sì dúró síbẹ̀, ojú rẹ̀ ṣì dì.

"Bàbá Ìbejì, ṣé mo ti dé ìta?"

"Ẹ ti dé ìta, Màmá."

"Ó dáa. Wọlé, kí ìwọ náà ṣe tìrẹ."

Ẹ̀yin èèyàn wa, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má ra nǹkan ìgbàlódé, ìbáà jẹ́ kọ́kọ́rọ́ ni, iná tó ń tan ara rẹ̀ ni tàbí kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ sọ iṣẹ́ yín àti irú àwọn tó wà nílé yín fún ẹni tó ń tà á, kí ẹ sì bi í léèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí iná bá lọ tàbí tí bátìrì bá kú. Èyí tí kò bá ní ju ọ̀nà kan ṣoṣo tí a fi ń ṣí i, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé e délé ni kí ẹ yí nọ́ńbà tó bá a wá padà, ẹ má sì lo ọjọ́ ìbí yín. Tó bá kọ̀ fún yín, ẹ má bá a jà. Ẹ fi í sílẹ̀ díẹ̀, ẹ wo bátìrì, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Tí iná bá sì wà nínú ọ̀rọ̀, gáàsì ni kí ẹ kọ́kọ́ pa, kí ẹ pe panápaná, kí ẹ tó yà sí ìdí ilẹ̀kùn.

Lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ní kí ẹni tó dàgbà jù nílé yín dúró sínú ilé, kí ẹ̀yin jáde, kí ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ má sì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ wò ó bóyá ó lè jáde wá bá yín. Bí kò bá lè jáde, ẹ má tíì sùn.